Láti Hale End dé Emirates: Bí Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Ṣe Ń La Ọ̀nà fún Ọmọdé

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, eré Arsenal àti Brentford ti ń lọ sópin, Arsenal sì ti na àwọn onílé ní àmì ayò 3 sí òdo. Mikel Arteta, akọ́nimọ̀ọ́gbá Arsenal, pe Fábio Vieira jáde, ó sì fi Ethan Nwaneri rọ́pò rẹ̀. Ọmọ ọdún 15 àti ọjọ́ 181 ni Nwaneri. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Líìgì Premier sílẹ̀ ní 1992, kò tíì sí ẹni tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tó gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀. Nítorí òfin tó ń dáàbò bo ọmọdé, kò gbọdọ̀ bá àwọn àgbà pààrọ̀ aṣọ ní yàrá kan náà. Yàrá ọ̀tọ̀ ni wọ́n fún un.

Ìṣẹ́jú tó lò lórí pápá kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà débẹ̀ jìn. Láti kékeré ló ti wà lábẹ́ Arsenal, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ti lọ́wọ́ sí ọ̀rọ̀ rẹ̀: ẹni tó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ẹsẹ̀ rẹ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn ọmọ kéékèèké, olùkọ́ ilé ìwé, oníṣègùn, àwọn òbí, àti ọ̀gá kan tó ní ìgboyà láti ní kó wọlé. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kùnà, bóyá ni orúkọ rẹ̀ ì bá jáde. Ẹ̀bùn bọ́ọ̀lù kò wọ́n láyé. Ohun tó wọ́n ni ọ̀nà tó pé, tí kì í já mọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀ ní agbede méjì.

Hale End ni Arsenal ti ń tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ó wà ní ìhà Walthamstow, ní àríwá ìlà-oòrùn London. Pápá koríko àti pápá àtọwọ́dá ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ibẹ̀ ni Alex Iwobi ti dàgbà, ẹni tí Jay-Jay Okocha jẹ́ arákùnrin ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ni Joe Willock, Emile Smith Rowe àti Myles Lewis-Skelly ti wá. Ibẹ̀ náà ni ọmọ Yorùbá méjì tí wọ́n bí ní 2001 ti kọ́ iṣẹ́: Bukayo Saka, tí wọ́n bí ní Ealing ní London, tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún England, àti Folarin Balogun, tí wọ́n bí ní New York, tó ń gbá a fún Amẹ́ríkà.

Hale End kì í ṣe ibi tó kàn ń ṣe bó ṣe wù ú. Ní 2012, Líìgì Premier gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Elite Player Performance Plan, EPPP ní ìkékúrú. Ètò yìí pín àkádẹ́mì gbogbo ẹgbẹ́ sí ìpele 4. Àwọn olùyẹ̀wò ló ń wá wo iye akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, irú pápá tí wọ́n ní, ètò ẹ̀kọ́, ìtọ́jú ara, àti bí wọ́n ṣe ń kọ àkọsílẹ̀ lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìpele kìíní ló ga jù, ibẹ̀ ni Arsenal wà. Ètò náà sì pín ìdàgbàsókè ọmọ sí ọ̀nà 3: ìpìlẹ̀, láti abẹ́ ọdún 9 dé 11, ìgbà ọ̀dọ́, láti abẹ́ ọdún 12 dé 16, àti ìgbà tí ọmọ ń múra iṣẹ́, láti ọdún 17 lọ sókè.

Ní ìpìlẹ̀, kò sí ẹni tó ń bi ọmọ pé ife ẹ̀yẹ mélòó ló gbà. Ní England, ọmọ abẹ́ ọdún 9 kì í gbá bọ́ọ̀lù èèyàn 11. Èèyàn tí kò tó bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń lò, lórí pápá tó kéré, pẹ̀lú góòlù tó kéré àti bọ́ọ̀lù tó kéré. Tí wọ́n bá dàgbà díẹ̀, wọ́n á di 9 sí 9, kí wọ́n tó wá dé 11. Ìdí rẹ̀ ni pé tí a bá kó ọmọ ọdún 8 méjìlélógún sórí pápá àwọn àgbà, ẹni tó bá lè sáré tó sì lè gbá bọ́ọ̀lù jìnnà ni yóò máa gba gbogbo eré mọ́ra, àwọn tó kù á máa wòran. Lórí pápá kékeré, bọ́ọ̀lù á máa kan ẹsẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan léraléra, yóò sì ní láti máa ronú ní gbogbo ìgbà: ṣé kí n yí padà ni, ṣé kí n fún ẹnìkejì, ṣé kí n gbìyànjú láti gba ẹ̀gbẹ́ ẹni yìí kọjá?

Ibi tí àgbà ti máa ń ṣìnà níbí ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ni England fi ń pín ọmọ sí ẹgbẹ́. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án, bíi Saka, wà lára àwọn tó dàgbà jù láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí ní ìparí oṣù Keje, bíi Harry Kane, lè fi nǹkan bí oṣù 11 kéré sí ẹni tí wọ́n jọ ń gbá. Fún àgbàlagbà, oṣù 11 kò jẹ́ nǹkan kan. Fún ọmọ ọdún 8, ó jẹ́ ẹsẹ̀ tó gùn sí i, àyà tó gbòòrò sí i, àti eré sísá tó yàtọ̀. Kane wà ní Arsenal nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 8. Lẹ́yìn sáà kan, wọ́n ní kó máa lọ. Nígbà tó yá, ó dé ọ̀dọ̀ Tottenham, ìyẹn ẹgbẹ́ tí Arsenal ń bá figagbága jù, ó sì di ẹni tó gbá góòlù wọlé jù lọ nínú ìtàn Tottenham àti ti orílẹ̀-èdè England.

Ìrírí irú èyí ló mú kí Líìgì Premier bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò àwọn eré kan tó jẹ́ pé bí ara ṣe dàgbà tó ni wọ́n fi ń pín ọmọ, kì í ṣe ọdún ìbí. Wọ́n á wọn gíga ọmọ àti bó ṣe wúwo tó, wọ́n á béèrè gíga bàbá àti ìyá rẹ̀, wọ́n á sì ṣírò bó ṣe máa ga tó tó bá dàgbà tán. Àwọn tó bá ti dé ìdá 85 sí 90 nínú 100 gíga náà ni wọ́n á kó sí ibì kan, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún 12 tàbí 14. Ọmọ tó ti ń fi agbára ara nìkan borí ẹgbẹ́ rẹ̀ á rí i lọ́jọ́ náà pé agbára kò tó, ọgbọ́n gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ kékeré tí wọ́n ti ń tì ṣubú á rí àyè fi ohun tó mọ̀ hàn.

Nígbà tí ọmọ bá wọ ìgbà ọ̀dọ́, iṣẹ́ á pọ̀ sí i, ilé àti ilé ìwé á sì di apá kan iṣẹ́ àkádẹ́mì. Greenford, níbi tí Saka ti lọ sí ilé ìwé girama, wà ní ìwọ̀-oòrùn London. Hale End wà ní òdìkejì ìlú. Ẹni tó bá mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ London mọ ohun tí ìrìn àjò yẹn túmọ̀ sí ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn ilé ìwé. Bàbá Saka ló ń wakọ̀ gbé e lọ gbé e bọ̀. Saka kò sì torí bọ́ọ̀lù pa ìwé tì. Ó ṣe dáadáa nínú ìdánwò GCSE. Àkádẹ́mì tó wà ní ìpele kìíní gbọ́dọ̀ ní òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́, tó ń bá ilé ìwé ọmọ sọ̀rọ̀, tó sì ń tọ́jú àkọsílẹ̀ èsì ìdánwò bí akọ́nimọ̀ọ́gbá ṣe ń tọ́jú ti pápá. Kì í ṣe àánú ni wọ́n fi ń ṣe é. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà kò ní fi bọ́ọ̀lù jẹun, ẹgbẹ́ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà wọ́n.

Ọdún 16 ni oríta àkọ́kọ́ tó le. Níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ ti ń pinnu ẹni tí yóò fún ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún méjì láti máa gbá bọ́ọ̀lù lójoojúmọ́, kó sì máa kàwé lọ pẹ̀lú rẹ̀. Tó bá pé ọmọ ọdún 17, ó lè tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn iṣẹ́ àkọ́kọ́. Àwọn tí Arsenal bá mú á fi Hale End sílẹ̀ lọ sí London Colney ní Hertfordshire, níbi tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ náà ti ń ṣe ìgbáradì. Látìgbà náà lọ, ọmọ lè máa rí àgbà agbábọ́ọ̀lù tí òun ti máa ń wo àwòrán rẹ̀ lára ògiri. Akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà náà lè rí i, kó sì pè é lọ́jọ́ kan tí èèyàn bá dín nínú ìgbáradì.

Ìdí rèé tí yíyan ẹni tí yóò darí àkádẹ́mì fi ṣe pàtàkì. Liam Brady, tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Arsenal fúnra rẹ̀, darí rẹ̀ láti 1996 dé 2014. Ní 2018, ẹgbẹ́ náà gbé e lé Per Mertesacker lọ́wọ́, ọmọ Jámánì tó gba Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní 2014, tó sì jẹ́ ọ̀gá àwọn agbábọ́ọ̀lù Arsenal kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó ti gbé inú yàrá àwọn àgbà mọ irú ọmọ tí yàrá náà lè gbà.

Láàárín ọdún 18 àti 21 ni ọ̀nà ti máa ń já. Ọmọ ti tóbi ju eré àwọn ọ̀dọ́ lọ, síbẹ̀ àwọn àgbà kò tíì gbẹ́kẹ̀ lé e. Àfárá ni ó nílò, Arsenal sì ti gbìyànjú oríṣi mẹ́ta tó yẹ kí a wò dáadáa.

Èkíní ni eré tí èsì rẹ̀ kò lè pa ẹgbẹ́ lára. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, Arsenal lọ bá Vorskla Poltava gbá ní Ukraine nínú ìdíje Europa League. Wọ́n ti gbé eré náà lọ sí Kyiv nítorí òfin ológun tí ìjọba Ukraine kéde. Arsenal ti yege tẹ́lẹ̀, nítorí náà Unai Emery, akọ́nimọ̀ọ́gbá ìgbà náà, kó àwọn ọmọ Hale End lọ. Smith Rowe gbá góòlù wọlé, Willock gbá tirẹ̀ wọlé, Saka tó jẹ́ ọmọ ọdún 17 sì wọlé gẹ́gẹ́ bí arọ́pò. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ wọ aṣọ àwọn àgbà Arsenal. Kò tíì pé oṣù méjì tó fi kan Líìgì Premier náà, ní ọjọ́ kìíní ọdún 2019, nígbà tí wọ́n ń bá Fulham gbá.

Èkejì ni kí wọ́n yá ọmọ fún ẹgbẹ́ mìíràn. Balogun kò rí àyè tó láàárín àwọn atamátàsé Arsenal. Wọ́n kọ́kọ́ yá a fún Middlesbrough ní oṣù Kìíní 2022, lẹ́yìn náà wọ́n yá a fún Reims ní ilẹ̀ Faransé fún odidi sáà kan. Ó gbá góòlù 21 wọlé nínú líìgì wọn ní sáà 2022 sí 2023. Nígbà tó padà dé, kì í ṣe ọmọ àkádẹ́mì mọ́. Monaco rà á ní nǹkan bí mílíọ̀nù 30 yúrò, pẹ̀lú àdéhùn pé iye náà lè pọ̀ sí i. Yíyá ọmọ kì í ṣe kí a kàn lé e jáde kúrò nílé. Ẹgbẹ́ tó yá a gbọ́dọ̀ nílò irú rẹ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣetán láti lò ó, ẹni kan láti ilé sì gbọ́dọ̀ máa wo gbogbo eré rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá yá síbi tí yóò ti máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì ti pàdánù ọdún kan.

Ẹ̀kẹta ni ipò tó ṣófo. Apá iwájú ni ipò Saka, ṣùgbọ́n ní sáà 2019 sí 2020, àwọn ẹlẹ́yìn apá òsì Arsenal fara pa, wọ́n sì ní kó lọ dí àlàfo náà. Kò kọ̀. Ó kọ́ bí a ṣe ń ṣọ́ ẹ̀yìn, ó sì gba àyè tí kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ìtàn yìí tún ṣẹlẹ̀. Lewis-Skelly, tó jẹ́ ẹni àárín láti kékeré, di ẹlẹ́yìn apá òsì. Nígbà tó di oṣù Kẹta 2025, ó wọ aṣọ England fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì gbá góòlù wọlé sílé Albania lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ipò kan ṣoṣo kò lè rí irú àyè bẹ́ẹ̀ lò. Èyí ni èso ọdún púpọ̀ tí wọ́n fi ń pààrọ̀ ipò ọmọ lórí pápá kékeré.

Bí àwọn ọmọ bá rí i pé ọ̀nà ti dí, wọn kì í dúró. Chido Obi gbá góòlù 10 wọlé nínú eré kan ṣoṣo tí àwọn ọmọ abẹ́ ọdún 16 Arsenal gbá pẹ̀lú Liverpool ní 2023. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ti lọ sí Manchester United. Àwọn mìíràn náà lọ ní àkókò yẹn. Arsenal ń fi owó ńlá ra àgbà agbábọ́ọ̀lù nígbà náà, ó sì ń lépa ife líìgì. Ọ̀dọ́ kò rí ìṣẹ́jú tó pọ̀ lórí pápá. Àkádẹ́mì lè dára títí, tí akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà kò bá fi ipò kan sílẹ̀ láìra èèyàn sí i, àwọn mìíràn ni yóò jẹ èrè rẹ̀.

Owó náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bá ra agbábọ́ọ̀lù, wọ́n á pín iye tí wọ́n rà á sórí ọdún àdéhùn rẹ̀ nínú ìwé ìṣirò, bí ìnáwó. Ọmọ tí wọ́n tọ́ fúnra wọn kò ní iye rírà. Tí wọ́n bá tà á, gbogbo owó náà ni ìwé ìṣirò yóò kà sí èrè. Ní oṣù Kẹjọ 2024, Arsenal ta Smith Rowe fún Fulham, wọ́n sì ta Eddie Nketiah fún Crystal Palace. Owó àwọn méjèèjì kọjá mílíọ̀nù 50 pọ́n-ùn. Chelsea ti lé Nketiah dànù nígbà tó wà ní ọ̀dọ́ kí Arsenal tó gbà á. UEFA pẹ̀lú ní òfin tirẹ̀: nínú orúkọ 25 tí ẹgbẹ́ ń fi sílẹ̀ fún ìdíje rẹ̀, àyè 8 wà fún àwọn tí wọ́n tọ́ nílẹ̀ náà, ó kéré tán 4 nínú wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ tí ẹgbẹ́ náà tọ́ fúnra rẹ̀.

Ètò EPPP tún ní ìhà tó ń dun àwọn ẹgbẹ́ kékeré. Ó jẹ́ kí ẹgbẹ́ ńlá lè gba ọmọ lọ́wọ́ wọn ní owó gbà-má-bínú tí kò tó nǹkan. Brentford rí àwọn ọmọ rẹ̀ méjì kan tí wọ́n lọ sí Manchester bẹ́ẹ̀, ó sì ti àkádẹ́mì rẹ̀ pa ní 2016. Ẹgbẹ́ B ni wọ́n dá sílẹ̀ dípò rẹ̀, wọ́n sì ń kó àwọn ọ̀dọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá ti tú sílẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n gòkè dé Líìgì Premier, wọ́n tún ṣí àkádẹ́mì padà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: ẹgbẹ́ tí kò lówó tó Arsenal gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà tó bá agbára rẹ̀ mu.

Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ ńkọ́? Àwọn ló pọ̀ jù. Eberechi Eze wà ní ọmọ ọdún 13 nígbà tí Arsenal tú u sílẹ̀. Ó lọ sí Fulham, ó lọ sí Reading, ó lọ sí Millwall, wọn kò mú un dúró. QPR gbà á ní 2016, Crystal Palace rà á ní 2020, òun ló sì gbá góòlù kan ṣoṣo tó gba Ife FA 2025 fún Palace lọ́wọ́ Manchester City. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, Arsenal fi owó ńlá rà á padà. Irú Eze kò pọ̀. Crystal Palace ti kéde pé àwọn á máa tẹ̀ lé àwọn ọ̀dọ́ tí àwọn bá tú sílẹ̀ fún ọdún 3, láti bá wọn wá ẹgbẹ́ mìíràn, ilé ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́. Ó yẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ tó ń gba ọmọ ọlọ́mọ ní ọdún 8 ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ìkẹ́nnẹ́ tààrà. Òfin FIFA kò gbà kí ẹgbẹ́ gba ọmọ láti orílẹ̀-èdè mìíràn tí kò bá tíì pé ọdún 18, àyàfi nínú ọ̀ràn díẹ̀, bíi kí òbí ọmọ náà ṣí lọ síbẹ̀ nítorí ìdí tí kò kan bọ́ọ̀lù. Ìyẹn ni pé ọmọ tí wọ́n bí ní Ealing lè wọ Hale End ní ọmọ ọdún 8, ọmọ Mọ̀kọ́lá ní Ìbàdàn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́wàá tó ṣe pàtàkì jù nínú ìdàgbàsókè rẹ̀, ilé ni yóò ti lò ó. Taiwo Awoniyi kúrò ní Imperial Soccer Academy lọ sí Liverpool ní 2015, ní ọmọ ọdún 18. Nítorí ìwé àṣẹ iṣẹ́, wọ́n ń yá a kiri Jámánì, Netherlands àti Belgium títí di 2021 láìgbá eré kan fún àwọn àgbà Liverpool. Ohun tó kọ́ nílé ló gbé e la gbogbo ọdún wọ̀nyẹn já.

Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Àkádẹ́mì Beyond Limits ló ń pèsè ọ̀dọ́ fún ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì gba líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní sáà 2024 sí 2025. Kò dìgbà tí a bá ní pápá bíi ti London. Ẹ jẹ́ kí ọmọ abẹ́ ọdún 10 máa gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá kékeré. Ẹ má ṣe gba ọmọ tí kò lọ sí ilé ìwé. Ẹ kọ ọjọ́ orí rẹ̀ gidi sílẹ̀, torí ọdún tí a bá gé kúrò lórí ìwé ń sọ ọmọ mìíràn tó kéré lóòótọ́ di ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ sẹ́yìn, láti 2009 sì ni FIFA ti ń fi ẹ̀rọ MRI yẹ egungun ọrùn ọwọ́ wò láti mọ ọjọ́ orí nínú Ife Àgbáyé abẹ́ ọdún 17.

Ẹ sì fi orúkọ ọmọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù láti ọmọ ọdún 12. Nígbàkigbà tí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn nígbà tí àdéhùn rẹ̀ ṣì ń lọ, ìdá 5 nínú 100 owó náà jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọdún 12 dé 23. Nínú mílíọ̀nù 20 yúrò, mílíọ̀nù kan nìyẹn. Ẹgbẹ́ tó ní àkọsílẹ̀ ni FIFA ń sanwó fún. Ẹgbẹ́ tí kò ní in kò ní rí kọ́bọ̀.